Àmì Ohùn Tó Wà Lára Ògiri

Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọba,
Abà Ògúnsanwó,
Ọ̀nà Lálúpọn,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Rùká ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá mi tí ìyá mi ò bí,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Alhaji ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n níjọ́sí, ṣé ó ti rọlẹ̀? Kaothar àti Ishaq ńkọ́? Mo gbọ́ pé Kaothar ti ga jù ọ́ lọ. Kò yà mí lẹ́nu, àbí ta ni kì í ga jù ọ́ lọ? Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Iléyá. Ṣé ẹ ti ra àgbò, àbí ẹ ṣì ń wojú ara yín? Ní Lálúpọn níbí, ẹni tó bá béèrè iye tí wọ́n ń ta àgbò, ńṣe ló ń ká ọwọ́ lérí rìn kúrò nídìí ẹran. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Àwa náà wà. Bàbá Fọlájìmí wà lóko, àwọn àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n jọ ń fa wàhálà. Fọlájìmí fúnra rẹ̀ ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá mi ní kí n kí ọ dáadáa. Wọ́n ṣì ń pè ọ́ ní Rùká tó ń jẹ ẹ̀wà kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúkọ yẹn ò ní kúrò lára rẹ mọ́, fara mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé o ti máa bínú pé mi ò dá ọ lóhùn lórí Wọ́sáàpù láti ìgbà tí o ti ránṣẹ́, tí mo wá jókòó ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Má tíì pè mí ní ará oko. Fóònù mi yìí kì í gbé àmì ohùn. Bí mo bá tẹ "ise" sínú rẹ̀, èyí tó bá wù ọ́ lo máa kà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ fún ọ yìí, bí kò bá lámì, kò ṣeé sọ rárá. Mo tún rò ó pé kí n pè ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá ìwọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń sọ ọ́ parí? Ìwé ò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ìbéèrè méjì lo bi mí nínú ohùn tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ yẹn. O ní ṣé iṣẹ́ ìjọba tí mò ń ṣe yìí ṣì tẹ́ mi lọ́rùn. O sì ní ṣé kí o fi àyè sílẹ̀ fún mi ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ ní Olódò, kí n wá máa mójú tó àwọn kíláàsì kékeré láti oṣù Kẹsàn-án, pé kí n fèsì kí Iléyá tó dé nítorí pé ẹlòmíràn ń wá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá bú sẹ́rìn-ín. O ní ògiri fúnra rẹ̀ ti lanu sọ òótọ́ fún mi, kí ni mo tún ń dúró dè. Mo gbọ́ ọ. Ìgbà tí mò ń fọ àwo ni mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ tán, mo sì fọ àwo náà tán.

Jẹ́ kí n mú ìbéèrè àkọ́kọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra iṣẹ́ náà o. Ẹni tó bá kórìíra nǹkan, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná sí i. Ara tèmi ò gbóná, kò sì tutù. Mo ń jí, mo ń gun ọ̀kadà, mo ń dé ibẹ̀ kí àwọn ọmọ tó gbálẹ̀ tán. Kíláàsì mẹ́ta ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo tí òrùlé rẹ̀ ṣì dára, gbogbo wọn sì di tèmi. Àwọn kíláàsì kìíní kọjú sí pátákó, àwọn kejì kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àwọn kẹta kọjú sí fèrèsé. Bí mo bá ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á máa kọ̀wé. Bí wọ́n bá ń pariwo, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa etí kan dé.

Láyé àtijọ́, bí ìjì bá ká òrùlé wa, ìwọ náà mọ̀ pé ilẹ̀ kì í mọ́ tán kí n tó dé ọ́fíìsì àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, màá sì rojọ́ títí wọ́n á fi gbé omi fún mi mu. Lọ́dún yìí ìjì ká òrùlé yàrá kejì lọ sínú oko olóko. Mo kó àwọn ọmọ síbi tí kò jò, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ABD ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò àṣewọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyá rẹ̀ gbé adìyẹ wá, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Mo ní, a dúpẹ́. Ohun tí mo sọ nígbà tí òrùlé lọ náà nìyẹn. Wọ́n fún mi ní ìgbéga, mo ní a dúpẹ́. Wọ́n ní ká tún ní sùúrù díẹ̀ lórí ohun tó yẹ kó bá ìgbéga rìn, mo ní a dúpẹ́. A dúpẹ́ ti wá dà bí ìṣó ara ògiri lẹ́nu mi, gbogbo aṣọ ni mò ń kọ́ sí i.

O rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní dò, re, mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Dò wà nísàlẹ̀, mí wà lókè, re wà láàárín. Re ni mo wà, Rùká. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà níbẹ̀.

Ìwọ lo mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ta ló sọ mí ní Ìyá Àmì Ohùn? Ṣebí ìwọ ni. Ọjọ́ tí à ń bọ̀ láti Ṣáṣá, tí mo rí pátákó alágbẹ̀dẹ kan tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé A Ń TA ỌKỌ, tí kò fi àmì òkè sí ìkẹyìn rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé mo ní kí awakọ̀ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sọ fún bàbá náà pé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko kọ́ ló kọ, ọkọ tí wọ́n ń fẹ́ sílé ló ń polówó? O rántí èsì rẹ̀? Ó ní bí ẹni tó máa rà á bá wà, kó wá, òun náà wà níbẹ̀. O rẹ́rìn-ín títí o fi dọ̀bálẹ̀ sórí ìjókòó mọ́tò. Èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ó yá, jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ògiri fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí pé fọ́tò nìkan ni ẹ̀yin rí.

Láàárín oṣù tó kọjá ni ẹgbẹ́ òbí ní àwọn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá Dàda ni olórí wọn, àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn ló ni gbogbo ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ní gbogbo olùkọ́ tó bá dé Abà Ògúnsanwó, kí ó tó gbádùn adùn omi kànga ló ti ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé e lọ sí ìgboro, pé èmi nìkan ni mi ò wá a. Rùká, ìwọ mọ̀ pé mo wá a. Mo wá a títí. Nígbà tó yá, mo kàn gbàgbé láti máa wá a ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ yìn mí nìyẹn. Àwọn obìnrin abà kó gàrí jọ, wọ́n tà á, wọ́n fi ra ọ̀dà, wọ́n sì bẹ Dìpẹ̀ pé kó kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sára ògiri kíláàsì mi níta, kí ẹni tó bá ń lọ lójú títì lè kà á.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ni Dìpẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé. Ó ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì báyìí, áátíìsì ni, òun ló ń kọ pátákó fún àwọn aránṣọ àti onílé oúnjẹ ní Lálúpọn. Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ó kọ lẹ́tà náà gàdàgbà-gàdàgbà, ó fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́, ó fi funfun yí i ká. Ìyàwó Bàbá Dàda ta ìró wọn bò ó mọ́lẹ̀ kí n má baà rí i kí àkókò tó tó. Nígbà tí àwọn ọmọ kọrin tán, wọ́n ṣí ìró náà. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Ẹ KÚ ÌṢẸ́, TÍṢÀ WÀ

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo kà á. Ojú mi lọ tààrà sórí I yẹn, mo rí àmì ìsàlẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ gbọọrọ. Iṣẹ́ tí à ń jí lọ láàárọ̀ ti di ìṣẹ́, èyí tó jẹ́ ọmọ ìyá òṣì. Wọ́n kí mi kú ìṣẹ́ níwájú gbogbo ayé, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Èmi tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò nítorí ọkọ́! Mi ò pariwo. Àyà mi ò já. Ọkàn mi kàn sọ wẹ́rẹ́ pé, ó tọ́. Bí ìgbà tí mo bá fi bírò pupa máàkì ìwé ọmọdé ló rí, gbà, kọjá, ó kan èyí tó tẹ̀lé e. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá fún mi, mo jẹ ẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnfẹ́yìmí, ní kí n dúró lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n yà mí ní fọ́tò. Mo dúró. Aṣọ mi bá ọ̀dà náà mu. Ohun tí mò ń rò lábẹ́ ibẹ̀ ni pé mi ò tíì lọ ata.

Ọ̀gá wa ló gbé fọ́tò yẹn sórí Wọ́sáàpù, kò sì pẹ́ tó fi rìn dé inú ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. O mọ bí ẹ ṣe ṣe mí. Mo ka gbogbo rẹ̀. Èmi náà wá àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín kan, mo tẹ̀ ẹ́ sí i kí ẹ má baà rò pé mo bínú. Ojú tèmi le koko bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí díẹ̀, ẹ̀rù ara mi ni. Mo ní, Ọ̀ṣunwùnmí, bí wọ́n bá bú ọ báyìí, ṣé o máa mọ̀? Mo tún gbàgbé.

Ẹ̀rín yín ni Ọ̀gá wa gbọ́ tí wọ́n fi wo ògiri náà dáadáa. Ìtìjú mú wọn. Lọ́jọ́rú tó kọjá, nígbà tí a ti ní kí àwọn ọmọ máa lọ ilé, wọ́n ránṣẹ́ pe Dìpẹ̀, wọ́n pe Bàbá Dàda àti àwọn obìnrin méjì kan tó kó gàrí jọ. A jókòó nínú kíláàsì mi, wọ́n ní kí èmi náà jókòó, èmi lọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀gá wa wá ṣàlàyé fún Bàbá Dàda, tí wọn ò mọ̀wé, pé ohun tí abà kọ sára ògiri kì í ṣe ìkíni, pé òṣì ni wọ́n fi kí mi.

Rùká, bó bá ṣe pé o rí ojú bàbá yẹn. Wọ́n ṣí fìlà. Àgbà tó tó bàbá mi, wọ́n ṣí fìlà níwájú mi. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wa la fi kí yín, ọwọ́ ni ò mọ̀ ọ́n kọ." Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti fọwọ́ lé àyà. Ó ní ohun tí wọ́n bá kọ lé èèyàn lórí lójú títì, tí tẹrú-tọmọ ń kà á lójoojúmọ́, ṣé kò ní di àfọ̀ṣẹ báyìí? Ó ní ìgbà tí ìjì ká òrùlé, ta ló mọ̀ bóyá ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀gá wa ní kí Dìpẹ̀ fi ọ̀dà míì pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Obìnrin náà ní ọ̀dà kàn máa bò ó ni, ọ̀rọ̀ náà á ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá Dàda ti ní kí wọ́n wó ògiri náà, pé àwọn fúnra àwọn máa gbé ọkọ́ wá, àwọn á sì tún un mọ lẹ́yìn òjò.

Lẹ́yìn òjò! Yàrá kan ṣoṣo tó lórùlé nìyẹn o, kíláàsì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, "a dúpẹ́" nìkan ni mo bá níbẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò sọ ọ́.

Ọ̀gá wa wá yíjú sí Dìpẹ̀, wọ́n ní ta ló ní kó fi àmì sórí I. Dìpẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Tíṣà ló kọ́ mi." Gbogbo wọn wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò lámì, ìhòhò ló wà."

Mo máa ń sọ ọ́ lóòótọ́. Mo ṣì ń sọ ọ́ di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń fi ìka tọ́ka sí ògiri. Ó ní òun yẹ gbogbo fáwẹ́lì ibẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tó wà níwájú, àmì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ti wọ ṣòkòtò. Ú, ó ti dé fìlà. Ẹ́ tó wà nínú iṣẹ́, ó wọ ṣòkòtò, ó dé fìlà, ó múra bí ọkọ ìyàwó. Ó ní I yìí ló dúró gbọnrangandan, kò wọ nǹkan lókè, kò wọ nǹkan nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyàwó ilé ló sanwó iṣẹ́. Ó ní, "Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀ níhòhò lójú wọn ni, sà?"

Rùká, mi ò mọ ibi tí ẹ̀rín yẹn ti wá. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bí ikọ́. Lẹ́yìn náà ló tú jáde, mi ò rí i dá dúró, mo di ẹ̀gbẹ́ mi mú, mo fi orí lé tábìlì. Àwọn yòókù kọ́kọ́ ń wojú ara wọn, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, àní Ọ̀gá wa pẹ̀lú gbogbo ìbínú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tèmi fẹ́ tán, ẹkún ló tẹ̀lé e. Mo sunkún o, èmi. Mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ àfọ̀ṣẹ figbe ta, ó ní, "Mo gbé! Ó ti bẹ̀rẹ̀!" Ìyẹn tún mú mi padà sínú ẹ̀rín.

Nígbà tí mo nu ojú tán, mo bi Dìpẹ̀ pé ohùn àárín ńkọ́. Ó ní, "Ohùn wo nìyẹn, mà?" Ó ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́ ìyẹn, ó ní láti jẹ́ pé ìgbà tí bàbá òun mú òun lọ hú ẹ̀gẹ́ ni. Àṣé láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń fi òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan jẹun, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àárín wà.

Mo ní, "Dìpẹ̀, kì í ṣe ìhòhò. Òun náà ní ohùn tirẹ̀. A kàn kì í sàmì sí i ni." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ.

Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti mú ṣọ́ọ̀kì. Mo dìde lọ sídìí pátákó, mo kọ iṣẹ́, mo kọ ìṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí Bàbá Dàda pè é tẹ̀lé mi. Wọ́n pe ti òkè, re mí. Wọ́n pe ti ìsàlẹ̀, dò mí. Wọ́n tún un pè, wọ́n rọra ń fi orí tẹ̀lé e, wọ́n wá la ojú, wọ́n ní, "Háà! Ẹnu mi ti mọ èyí láti ọjọ́ tó ti pẹ́!" Mo ní ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, bàbá, kò sí òṣì kankan nínú ìkíni yín, àmì kan ló lé níbẹ̀, a máa ha á kúrò, ògiri máa dúró. Wọ́n dé fìlà wọn padà. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àmì lásán ni, kí wọ́n yáa ha á kíá.

Dìpẹ̀ ní sáńpépà nínú àpò rẹ̀. A jáde síta, ó fẹ́ gun bẹ́ńṣì, mo ní kó mú un wá, èmi ni mo máa ha á. Ó di bẹ́ńṣì mú fún mi. Mo ha á títí àmì náà fi lọ, tí I wá dúró lásán, kò lámì, kò sì sí ohun tó ṣe é. Mo ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí Dìpẹ̀ ní, "Mà, ti ìkẹyìn ńkọ́? Mo fi aṣọ bo ìyẹn náà."

Mo gbé ojú sókè. Rùká, lọ wo fọ́tò yẹn padà. Gbogbo ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá wa, èmi Ìyá Àmì Ohùn, gbogbo wa tẹjú mọ́ ìṣẹ́, kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ náà dé ìparí. Kò kọ TÍṢÀ WA. TÍṢÀ WÀ ló kọ.

Mo kà á sókè látorí bẹ́ńṣì níbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà wà. Bàbá Dàda rò pé mò ń béèrè nǹkan ni, wọ́n dáhùn nísàlẹ̀ pé, "Ó wà náà ni. Ṣé kì í ṣe òun là ń wò yìí?"

Dìpẹ̀ na ọwọ́ pé kí n mú sáńpépà wá. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní àmì ìdánudúró díẹ̀ tó wà láàárín ni kó sọ di àmì ìdánudúró pátápátá. Ọ̀gá wa ní ṣé ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú. Ó ti pẹ́ tí ohun kan ti dá mi lójú gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, Rùká, gbé àyè yẹn ní Olódò fún ẹni tó ń wá a, kó má pàdánù rẹ̀ nítorí mi. Ọlọ́run á san án fún ọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi pè mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wá, o máa fún mi ní yàrá tí kò jò. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé iṣẹ́ yìí ti wá ń tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́bọ̀ tí mo padà débẹ̀, mo ti tún padà sí re. Òjò rọ̀, mo kó àwọn ọmọ síbi tí kò jò, ẹnì kan kí mi, mo ní a dúpẹ́. Bóyá bó ṣe máa rí lọ́la náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò pe ara mi ní ẹni tí kò ní ohùn mọ́.

Lọ́la ọjọ́ Ajé, ohùn àárín ni mo fẹ́ kọ́ àwọn kíláàsì kẹta. Dìpẹ̀ ní òun máa gbé iṣẹ́ òun tì títí di ago mẹ́wàá, òun máa wá jókòó lẹ́yìn. Mo ní kó gbé àga tirẹ̀ wá, bẹ́ńṣì àwọn ọmọ yẹn ò lè gbà á.

Bá mi kí Alhaji, kí wọ́n máa fi epo gbígbóná fọwọ́ ra ẹsẹ̀ yẹn. Bá mi kí Kaothar àti Ishaq. Gé ẹran Iléyá tèmi sílẹ̀, kì í ṣe ọrùn o, itan ni mo fẹ́. Sọ fún gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín nínú ẹgbẹ́ wa pé mo kí wọn, kí wọ́n tún fọ́tò náà kà, kí wọ́n kà á dé ìparí.

Èmi tìrẹ náà ni, láti kọ́lẹ́ẹ̀jì títí di òní,

Ọ̀ṣunwùnmí.

Tíṣà wà.